Owó Tí Òfin Ní Kí Ilé-Iṣẹ́ Ná Fún Ìlú: Ọrẹ Ni Àbí Gbèsè?

 

Ní ìpàdé wa tó kọjá, lẹ́yìn tí akápò ti ka owó àfipamọ́ tán, tí a sì ti dá àwọn tó fẹ́ yáwó lóhùn, ìyá kan tó ń ta gààrí láàárín wa dìde. Ó ní òun ní ìbéèrè kan tí kì í ṣe ti ẹ̀yáwó. Ilé-iṣẹ́ tó ń fọ́ òkúta wà lẹ́bàá ọ̀nà oko wọn. Bí wọ́n bá ti fi ẹ̀tù fọ́ àpáta lọ́sàn-án, abọ́ a máa mì lórí pẹpẹ. Ògiri yàrá òun ti lanu láti òkè dé ilẹ̀. Ọkọ̀ típà ti ba ọ̀nà jẹ́ débi pé ọlọ́kadà tó ń bá òun gbé gààrí kò gbà mọ́, àfi bí òun bá fi owó kún owó. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá, ilé-iṣẹ́ náà gbé ìrẹsì àti òróró wá sí ìlú, wọ́n ya fọ́tò, àwọn àgbà sì dúpẹ́. Ìyá wa wá ní, "Ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ìrẹsì yẹn, ṣé ọrẹ ni wọ́n ta wá lọ́rẹ, àbí gbèsè tí wọ́n jẹ wá ni wọ́n ń san?"

Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. A ṣèlérí pé a ó wádìí rẹ̀, a ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn wa. Ohun tí a rí nìyí.

Àpò Mẹ́ta Ló Wà, Ẹ Má Ṣe Dà Wọ́n Pọ̀

Owó tó ń ti ọwọ́ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde sí ìlú, àpò mẹ́ta ló ń gbà. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ohun àlùmọ́nì inú ilẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2007, ló sọ̀rọ̀ nípa méjì àkọ́kọ́.

Àpò kìn-ín-ní ni owó gbà-máà-bínú. Bí ilé-iṣẹ́ bá ba irè oko jẹ́, tàbí igi tó ń mú owó wọlé, tàbí ilé ènìyàn, òfin ní kí ó san owó ohun tó bàjẹ́ fún ẹni tó ni ín. Ibí ni ọ̀rọ̀ ògiri ìyá wa bọ́ sí. Kì í ṣe oore, kì í sì í ṣe ti gbogbo ìlú. Ti ẹni tí ògiri rẹ̀ lanu ni.

Àpò kejì ni ìwé àdéhùn ìdàgbàsókè ìlú. Abala 116 nínú òfin náà sọ pé ẹni tó bá gba àṣẹ láti wa ohun àlùmọ́nì tàbí láti fọ́ òkúta tà gbọ́dọ̀ bá ìlú tó gbà á lálejò ṣe àdéhùn kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ilẹ̀ náà. Òfin tilẹ̀ ka irú nǹkan tí ó lè wà nínú rẹ̀: owó ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ ìlú, kíkọ́ iṣẹ́ ọwọ́, gbígba àwọn ọmọ wa síṣẹ́, ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ọ̀nà, omi àti iná. Ẹ wá gbọ́ èyí tó kan àwa gan-an: ìrànlọ́wọ́ fún àwọn oníṣòwò kéékèèké, àti bí a ó ṣe rí ọjà tà fún irè oko. Bí ìhà méjèèjì kò bá lè fẹnu kò, ọ̀rọ̀ di ti mínísítà. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni kí wọ́n máa tún ìwé náà yẹ̀ wò, títí wọn yóò sì fi tún un ṣe, ó de ilé-iṣẹ́, ó de ìlú.

Àpò kẹta ni ọrẹ. Ìrẹsì oṣù Kejìlá, bí kò bá sí nínú ìwé àdéhùn, ọrẹ ni, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọrẹ kì í pa gbèsè rẹ́. Bí ẹnì kan bá yá owó nínú ẹgbẹ́ wa, tó wá gbé ẹran àgbò wá fún alága nígbà ọdún, ṣé a ó tìtorí ẹran fa orúkọ rẹ̀ yọ nínú ìwé ẹ̀yáwó? Kò ṣeé gbọ́!

Ibi tí òfin yìí kù sí ni pé kò sọ iye. Kò sọ pé ìdá méjì tàbí ìdá mẹ́ta nínú 100. Ohun tí ìlú bá mọ̀ ọ́n béèrè ni yóò rí gbà. Ìlú tó rán ọlọ́gbọ́n lọ síbi ìjókòó lè rí ọ̀nà tó dára àti ilé ìwòsàn. Èyí tó rán ẹni tí kò kàwé àdéhùn lọ lè rí pátákó tí wọ́n kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ sí.

Nítorí náà, àwa mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ dìde, a lọ wá ìwé ìlú tí ìyá wa ti wá. Ẹni àkọ́kọ́ tí a bi ní ọwọ́ àwọn àgbà ló wà. Àwọn àgbà ní lóòótọ́ ni àwọn fọwọ́ sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ̀dà kan ṣoṣo ni, ó sì wà lọ́wọ́ lọ́yà. Lọ́yà ti kó lọ sí Àkúrẹ́. Ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún wa ní omi tútù, wọ́n sì ní ọ̀gá tó mọ̀ nípa rẹ̀ kò sí nítòsí. Títí a fi ń kọ èyí, a kò tíì fojú kan ìwé tó de gbogbo ìlú.

Kò Ṣẹ̀ṣẹ̀ Bẹ̀rẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òní ni òfin ti ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣòwò láti fi tún ìlú ṣe. Àwa ọmọ àgbẹ̀ la kọ́kọ́ san án. Láyé ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó fún ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, iye tí wọ́n ń san fún àwọn bàbá wa sábà máa ń kéré sí iye tí wọ́n ń ta kòkó náà lókè òkun. Èyí tó ṣẹ́ kù wà lára owó tí ìjọba fi ṣe àwọn iṣẹ́ ńlá ayé ìgbà náà. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, Ilé Kòkó sì dìde ní Ìbàdàn ní ọdún 1965. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń ka ìwé yìí, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn ló kọ́ àwọn òbí wa ní a-bí-dí. A kò lè sọ pé kò ṣe rere.

Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó san owó náà kò rí ìwé ìṣirò rẹ̀ rí. Kò mọ iye tí wọ́n yọ lórí àpò kòkó tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè ibi tó fẹ́ kí wọ́n ná an sí. Nígbà tí owó orí tún wá gorí rẹ̀, a mọ ohun tí Àgbẹ́kọ̀yà ṣe ní ọdún 1968 àti 1969. Ní ọdún 1986 ni ìjọba fọ́ àwọn ìgbìmọ̀ arajà náà ká.

Èyí Tí A Fojú Rí: Ọ̀yẹ́ Àti Ìkọ̀lé

Ẹ jẹ́ ká wo èyí tó súnmọ́ wa. Ní ọdún 1993, ìjọba ológun ṣe òfin kan pé kí gbogbo ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà máa san ìdá 2 nínú 100 èrè wọn fún ètò ẹ̀kọ́. Òfin náà pín in báyìí: ìdá 50 fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ìdá 40 fún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìdá 10 fún ilé-ìwé girama. Ní ọdún 2011 wọ́n yí i padà. Owó náà di ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga nìkan, wọ́n sì sọ àjọ tó ń pín in ní TETFund. Iye náà gòkè di ìdá 2 ààbọ̀ lábẹ́ òfin ìnáwó ọdún 2021, ó di ìdá 3 ní 2023. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026, òfin owó orí tuntun ti kó òun àti àwọn owó mìíràn pọ̀ di owó ìdàgbàsókè kan ṣoṣo, ìdá 4 nínú 100, tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti TETFund. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ̀yin oníṣòwò: òfin yọ ilé-iṣẹ́ kékeré kúrò nínú rẹ̀.

Ọdún 2011 yẹn náà ni wọ́n dá yunifásítì ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tí ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ti ẹnjiníà rẹ̀ wà ní Ìkọ̀lé. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ yóò rí orúkọ TETFund lára àwọn ilé. Kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá lọ́dọ̀ wa tó lè dá irú rẹ̀ kọ́. Èrè ilé-iṣẹ́ Èkó àti ti ibòmíràn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ bi àwọn ìyá tó ń se oúnjẹ tà ní Ìkọ̀lé, ẹ bi àwọn tó ń fi yàrá háyà fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Ọ̀yẹ́, wọn yóò sọ bí ọjà ṣe rí nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé, àti bó ṣe rí nígbà tí àwọn olùkọ́ bá yanṣẹ́ lódì.

Kí ló dé tí èyí fi tọ́ díẹ̀? Ìdí mẹ́ta la rí. Àkọ́kọ́, òfin dá iye, ilé-iṣẹ́ kò lè fi ìrẹsì rọ́pò rẹ̀. Èkejì, ìpín wà nínú òfin: ìpín 2 fún yunifásítì, 1 fún pólì, 1 fún kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́, kì í ṣe ibi tí ilé-iṣẹ́ wà nìkan ni owó ń lọ. Ẹ̀kẹta, ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá ṣe ìṣirò owó tó gbà tẹ́lẹ̀ kò ní rọ́nà gba òmíràn. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ṣé ẹ gbọ́ bí ó ṣe jọ tiwa? Ẹni tí kò tíì san ẹ̀yáwó àná kò gbọdọ̀ na ọwọ́ fún tòní.

Ó ní àléébù tirẹ̀ o. Nígbà tí òfin yí padà ní 2011, ìdá 40 tó jẹ́ ti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Lóòótọ́, òfin ẹ̀kọ́ kárí-ayé ti ọdún 2004 ti ya owó mìíràn sọ́tọ̀ fún wọn láti inú àpò ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ti ọwọ́ rẹ̀ wá kí ó tó rí i gbà. Ìlú tí yunifásítì wà rí nǹkan. Abúlé tí òrùlé ilé-ìwé rẹ̀ ti ṣí ṣì ń wòye.

Èyí Tó Jò Lójú Ọ̀nà

Ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹ̀bá òkun, lọ́dọ̀ àwọn ìbátan wa ará Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Òndó, níbi tí epo rọ̀bì wà. Òfin tó dá àjọ NDDC sílẹ̀ ní ọdún 2000 ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ epo máa san ìdá 3 nínú 100 gbogbo ètò ìnáwó wọn lọ́dọọdún fún àjọ náà, kí ìjọba àpapọ̀ sì fi tirẹ̀ kún un. Òfin dára, iye wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba gba ìwé àyẹ̀wò àjọ náà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ohun tí wọ́n kéde ni pé ó tó tírílíọ̀nù 6 náírà tó wọlé láti 2001 sí 2019, àti pé iṣẹ́ 13,777 ni wọn kò ṣe bó ti yẹ.

Ará Àyétòrò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìlú yẹn, ọdún 1947 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń kó èrè sí ojú kan. A lè pè wọ́n ní ẹ̀gbọ́n wa nínú iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe. Òkun ń jẹ ilé wọn. Lọ́dún gbọ́nrangandan ni wọ́n ti kéde iṣẹ́ láti dá òkun náà dúró, wọ́n gbé e fún agbaṣẹ́ṣe, iṣẹ́ kò sì di ṣíṣe. Owó jáde lápò ilé-iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n kò dé etí òkun.

Nítorí irú èyí ni òfin epo tuntun ti oṣù kẹjọ ọdún 2021 fi gba ọ̀nà mìíràn. Ó ní kí ilé-iṣẹ́ epo kọ̀ọ̀kan dá àpò kan sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìlú tó wà ní àyíká rẹ̀, kí ó máa fi ìdá 3 nínú 100 owó tó ná síṣẹ́ lọ́dún tó kọjá sínú rẹ̀. Àwọn ìlú fẹ́ ìdá 10, ilé aṣòfin kékeré ní 5, ilé aṣòfin àgbà ní 3, 3 náà ló sì borí. Nínú owó náà, ìdá 75 jẹ́ ti iṣẹ́ ìlú, ìdá 20 jẹ́ ti ìfipamọ́, ìdá 5 péré ni ti àwọn tó ń ṣàkóso. Bí àwọn ará ìlú bá sì ba ohun èlò epo jẹ́, wọn yóò yọ owó àtúnṣe rẹ̀ nínú ìpín ìlú. Àwọn kan ní èyí kò dára, pé olè kan lè jẹ́ kí gbogbo ìlú pàdánù. Ṣùgbọ́n ìpín yẹn, pé iye kan ni ti alákòóso tí kò sì gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀, àwa ẹlẹ́gbẹ́ àjẹṣẹ́kù fẹ́ràn rẹ̀.

Ohun Tí Wọ́n Rí Ní Íńdíà

Íńdíà ni orílẹ̀-èdè ńlá tí gbogbo ayé ń wò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin ọdún 2014, òfin wọn ní kí ilé-iṣẹ́ tí èrè rẹ̀ tó mílíọ̀nù 50 rúpì lọ́dún, tàbí tí ọrọ̀ rẹ̀ tàbí títà rẹ̀ bá pọ̀ dé ìwọ̀n kan, máa ná ìdá 2 nínú 100 èrè rẹ̀ fún ire ìlú. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń pín èrè náà sí kí wọ́n tó ṣírò ìdá yẹn. Níbẹ̀rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí kò ná an kàn ní láti ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àlàyé kò wọ́n. Láti ọdún 2021, owó tí wọn kò bá ná gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ wọn sínú àpò tí òfin yàn.

Ohun méjì ni a lè kọ́ níbẹ̀. Owó pọ̀ sí i lóòótọ́, nítorí àwọn tí kò náwó rí bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ kan tó ń ná ju ìdá 2 lọ tẹ́lẹ̀ rọra sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìdá 2. Òfin ní kí wọ́n má ṣe dín sí i, wọ́n gbọ́ ọ bí ẹni pé kí wọ́n má ṣe kọjá rẹ̀. Èkejì, ibi tí ilé-iṣẹ́ pọ̀ sí ni owó pọ̀ sí, bí ìpínlẹ̀ Maharashtra tí ìlú Mumbai wà. Àwọn ìpínlẹ̀ tálákà tí kò ní ilé-iṣẹ́ rí díẹ̀.

Ní Nàìjíríà náà, ní nǹkan bí ọdún 2008, aba òfin kan wà ní ilé aṣòfin àgbà tí ìbá mú kí gbogbo ilé-iṣẹ́ máa ná ìdá 3 ààbọ̀ nínú 100 èrè wọn fún ìlú. Àwọn oníléeṣẹ́ ní owó orí tí àwọn ń san ti pọ̀ jù. Aba náà kò di òfin.

Ṣé Ó Ń Ṣiṣẹ́?

Ìdáhùn wa ni pé òfin lè fa owó jáde lápò ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè rìn ín dé ilé. Ibi tí iye wà lójú táyé, tí ìpín wà nínú ìwé, tí ẹni tó gbà á sì ń ṣe ìṣirò, a rí ilé ní Ọ̀yẹ́. Ibi tí owó pọ̀ tí ẹni tó ni ín kò sì rí ìwé, òkun gbé ilé lọ ní Àyétòrò. Ibi tí òfin kò tilẹ̀ dá iye, tí ẹ̀dà ìwé kan ṣoṣo wà lọ́wọ́ lọ́yà, a rí ìrẹsì oṣù Kejìlá.

Kí a tó na ìka sí ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ ká wo ara wa. Ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù náà ní ojúṣe sí ìlú; ó wà lára ìlànà méje tí ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù gbogbo ayé fọwọ́ sí ní Manchester ní ọdún 1995. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a yọ owó nínú èrè wa, a ra páànù fún ilé ìwòsàn kékeré kan. A ya fọ́tò, a jẹ àdúrà. Lóṣù tó kọjá, nítorí ìwádìí yìí, a tún lọ síbẹ̀. Páànù náà wà nínú yàrá ẹ̀yìn, wọ́n tò ó jọ bí a ṣe gbé e wá. Kò sí ẹni tó ra ìṣó, kò sí ẹni tó san owó káfíńtà, òjò sì ń rọ̀ sórí ibùsùn aláboyún. Ojú tì wá. Ohun tí a ń bá ilé-iṣẹ́ wí, àwa náà ṣe é. Ìgbìmọ̀ ti ní kí káfíńtà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, akápò yóò sì ka ìnáwó rẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Ohun Tí A Ń Bẹ̀ Yín Láti Ṣe

Bí ilé-iṣẹ́ kankan bá wà nílùú yín, yálà òkúta ni wọ́n ń fọ́ tàbí ohun àlùmọ́nì mìíràn ni wọ́n ń wà, ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́, ní Ìdó, ní ìletò kékeré tó wù kó jẹ́, ẹ béèrè ìwé àdéhùn. Ẹ béèrè rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, lọ́dọ̀ kábíyèsí àti àwọn ìjòyè. Kì í ṣe ìjà. Ẹ ní kí ẹ̀dà rẹ̀ wà láàfin, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i. Bí ó bá ti pé ọdún márùn-ún, àsìkò àtúnyẹ̀wò ti tó. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ oníṣòwò kéékèèké àti ọjà irè oko bá wà níbẹ̀, nítorí òfin dárúkọ wọn. Ẹni tí ohun ìní rẹ̀ bàjẹ́, kí ó kọ ọjọ́ àti ohun tó bàjẹ́ sílẹ̀, kí ó ya fọ́tò rẹ̀, kí ó má dúró de owó ìlú.

Sí ìyá wa oní-gààrí, ìdáhùn wa rèé: Ìyá, ọrẹ ni ìrẹsì, ẹ jẹ ẹ́, ẹ dúpẹ́. Ògiri yín gbèsè ni. Ọ̀nà oko gbèsè ni bí ó bá wà nínú ìwé, bí kò bá sí nínú ìwé, ohun tí ìlú gbọ́dọ̀ lọ béèrè ni. A ti kọ lẹ́tà nípa ògiri náà, ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú fáìlì ẹgbẹ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ kò dákẹ́, àwa náà kò sì ní dákẹ́.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹni tó bá ti rí ìwé àdéhùn ìlú rẹ̀ mú ẹ̀dà wá, a ó kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn. Àjé á wọ igbá gbogbo wa o. Àṣẹ.